Má Fa Dísìkì Yọ Lójijì

Lónìí, ẹ̀bi ara mi ni mo fẹ́ sọ.

Mo lọ gba ohùn ìyá aláró kan sílẹ̀ ní Ìtòkú. Ìyá ti dàgbà gan-an. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Inú virtual machine ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà. Dísìkì ẹ̀ kì í ṣe irin, fáìlì ńlá kan ni. Mo da ohùn náà sórí ẹ̀, mo pa ti inú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ rẹ́, mo sì yọ dísìkì náà nígbà tí machine ṣì ń ṣiṣẹ́. Kíá, "I/O error" kún ojú kọ̀ǹpútà.

Kí ló fà á? Bí Linux bá ní òun ti kọ nǹkan tán, ó lè jẹ́ pé inú mẹ́mọ́rì ló ṣì wà. Ó dà bí ìgbà tí a fa àwo kúrò lábẹ́ ìgbakọ tí a fi ń bu ọbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo ètò tó ń lò ó. Ẹ tẹ sync, kí ẹ wá tẹ umount. Bó bá ní "target is busy", ẹ má fi agídí mú un. Lsof á fi ètò tó dì í mú hàn yín. Ẹ yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú /etc/fstab, kí machine má baà há nígbà tẹ́ ẹ bá tún un tàn. Ìgbà yẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ ọ́. Lórí Windows, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di Offline nínú Disk Management.

Bó bá ti bàjẹ́ ńkọ́? Ẹ má kọ nǹkankan sórí ẹ̀ mọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì dísìkì náà, kí ẹ sì lo fsck lórí ẹ̀dà yẹn láìtíì mount ẹ̀.

Ọ̀nà yẹn ni mo fi rí ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìyá gbà padà. Ìṣẹ́jú 11 tó gbẹ̀yìn, níbi tó ti dárúkọ àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́, kò padà. Mo tún lọ bá a. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé a máa ń ká aṣọ tí kò tíì gbẹ ni?" Ó tún orúkọ wọn kà fún mi, àmọ́ ó ku ẹnì kan. Kò rántí ẹ mọ́.

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ó dìgbà kan ná.