Ọmọ Wa Tí Wọ́n Gbà Láti Lọ Kọ́ni Nílẹ̀ Òkèèrè

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa

   

Lọ́dọọdún, owó ni akọ̀wé máa ń sọ: iye tí a kó jọ, iye tí a yá síta, ẹni tó ti san àti ẹni tí kò tíì san. Ẹ máa rí gbogbo ìyẹn nínú ìwé tí a pín. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọmọ la fẹ́ sọ, àmọ́ owó wà nínú rẹ̀ náà. A ti gba àyè lọ́wọ́ ìyá ọmọ kí a tó sọ ọ́, a kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀kan nínú wa, tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà kàwé ní Adéyẹmí, ní Oǹdó, ó gboyè nínú ìṣirò, ó sì ń kọ́ni ní ilé-ìwé girama níbẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́tà dé: wọ́n ti gbà á láti lọ kọ́ni ní orílẹ̀-èdè Gáńbíà fún ọdún méjì. Iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni ni wọ́n pè é. Inú ọmọ dùn, ó gbé lẹ́tà náà wá fún ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀. Ìyá kà á tán, ó ká a, ó tì í sábẹ́ aṣọ, ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lọ. Ìgbà tí oníbàárà lọ tán ló tó sọ pé, “Mo ta aṣọ títí mo fi rán ẹ nílé-ìwé. Ṣé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni mo ní kó o lọ kọ́ ni?”

A kò lè bá a wí. Ìdí méjì ló ní. Àkọ́kọ́, gbájú-ẹ̀ ti lù ú rí. Ẹnì kan gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí, pé òun á bá a wá iṣẹ́ olùkọ́ lókè òkun. Títí dòní, a kò rí onítọ̀hún, a kò rí owó. Ìkejì, ó ṣì jẹ ẹgbẹ́ wa ní ₦180,000. ₦20,000 ló yẹ kó máa san lóṣù, owó oṣù ọmọ yìí ló sì fi ń kún un tí ọjà kò bá tà.

Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí, àwa la ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tó ní ká bá òun kìlọ̀ fún ọmọ, kíá la gbà. A pe ọmọ, a ní, “Ìyá rẹ ti ń dàgbà, má lọ.” Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ níwájú yín lónìí: kì í ṣe ọjọ́ orí ìyá ló ń dùn wá. Owó tí a fọwọ́ sí ló ń dùn wá.

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ ẹ̀yin ní ìṣirò tí ẹ fi ń ṣe ìwé ẹgbẹ́?”

Ìbéèrè yẹn pa wá lẹ́nu mọ́. Ọmọ Gánà ló kọ́ wa. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa jọ kàwé nígbà náà á rántí pé ilé-ìwé girama pọ̀, olùkọ́ kò tó, àwọn ará Gánà ló ń bá wa dí àlàfo náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Ṣàgàrí ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ. Ìwé ìgbélùú tàbí kò sí ìwé, ẹ̀rù ba gbogbo wọn, olùkọ́ tiwa náà sì di ẹrù rẹ̀. Kí ó tó lọ, ó wá sí ìsọ̀ ìyá wa, ó san owó gaàrí kóńgò mẹ́ta tó rà láwìn. Ìyá wa ní kó fi sílẹ̀, ó kọ̀. Àwa ọmọ dúró níbẹ̀, a kò tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣirò tó kọ́ wa náà la fi ń ka owó ẹgbẹ́ yìí.

Bí a ṣe yíhùn padà nìyẹn. Ṣùgbọ́n a ní ká kọ́kọ́ wádìí, nítorí ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Ohun tí a rí rèé. Ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ló ń rán wọn lọ. Technical Aid Corps, tàbí TAC, ni wọ́n ń pe ètò náà. Ọdún 1987 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà ìjọba Babangida, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Olùkọ́, dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn onímọ̀ mìíràn ni wọ́n ń rán fún ọdún méjì sí àwọn orílẹ̀-èdè tó bá béèrè, bíi Gáńbíà, Sẹ̀rà Líònù, Jàmáíkà, títí dé Fiji lọ́hùn-ún. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá: ìjọba wa ń fún wọn ní owó ìtọ́jú, àwọn tó gbà wọ́n lálejò sì ń wá ibùgbé. Àmọ́ kì í ṣe owó ọlá. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé kó má bá ibẹ̀ lọ.

Àwọn ẹbí tún ní, ọmọbìnrin, òun nìkan, nílẹ̀ àjèjì? Ìyá àgbà kan láti Oǹdó ló dá wọn lóhùn. Ó ní ṣebí obìnrin ni Púpùpù, Ọ̀ṣemàwé àkọ́kọ́, ṣebí ọ̀nà jíjìn ló sì ti wá. A rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí.

Àwa náà fún ọmọ ní ìmọ̀ràn kan. Ní ọdún 1961, Amẹ́ríkà rán àwọn ọ̀dọ́ wọn wá kọ́ni níbí, Peace Corps ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, Marjorie Michelmore, kọ káàdì sílé láti University College, Ìbàdàn, ó ní ojú títì la ti ń dáná, ojú títì la ti ń tajà, pé ìgbé ayé wa kò bójú mu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí káàdì náà, wọ́n fárí gá, ọmọbìnrin náà sì padà sílé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n sì ń kọ́ni lọ. Àwọn ìyá wa tó ń dáná tà lẹ́bàá títì ló ń sọ, owó ọjà yẹn ló sì rán wa nílé-ìwé. A ní, “Ọmọ wa, tó o bá débẹ̀, wo obìnrin ọjà wọn bí o ṣe ń wo ìyá rẹ.”

Ọmọ wá síwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́, ó bẹ̀ wá pé ká sọ oṣù 9 tó kù di oṣù 18, kí ìyá òun máa san ₦10,000. Èlé tó yẹ wà lórí rẹ̀. A jiyàn gan-an, a sì fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, owó kankan kò wá láti Gáńbíà, ọmọ ń wá ojútùú ibùgbé rẹ̀. Ìyá san méjì, àwa onígbọ̀wọ́ san ẹ̀kẹta láti inú owó ẹ̀lùbọ́ wa. A kùn o, a kò ní purọ́. Ní oṣù kẹrin, owó dé, ó sì dá tiwa padà.

Ó ní nígbà tí òun dé Banjul, òun rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń pè ní Àkú. Àwọn babańlá wọn ni Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Freetown. “Ẹ kú” tí wọ́n fi ń kí ara wọn ló di orúkọ wọn. Ó ní ọjọ́ yẹn ni àárò ilé kọ́kọ́ fúyẹ́ lára òun.

Kò rọrùn délẹ̀délẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́hùn-ún, kò lè wá sìnkú. Ìyẹn ṣì ń dun ìyá rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ọmọ pé ọdún méjì, ó dé, gbèsè ti tán, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Oǹdó.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bí irú lẹ́tà yìí bá dé ilé yín, ẹ má yára yọ̀, ẹ má sì yára kọ̀. Ẹ béèrè ẹni tó kọ ọ́, ẹ sì lọ sí ọ́fíìsì wọn gan-an. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ kówó wá kí wọ́n tó gba ọmọ, ẹ dúró ná. Bó bá ní òun fẹ́ gba ìwé ìrìnnà ọmọ pamọ́, ẹ sá fún un, kí ẹ sì fi tó àjọ NAPTIP létí, àwọn tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2003 láti gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn méjì ó kéré tán mọ àdírẹ́sì ibi tí ọmọ ń lọ. Bí gbèsè ẹgbẹ́ bá wà lọ́rùn yín, ẹ wá sọ fún wa kí ọmọ tó lọ. A ó jókòó sọ ọ́.

Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Olúwa á máa mú àwọn ọmọ wa lọ, á máa mú wọn bọ̀. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Àmọ́dún, ojú ò ní pọ́n wa kí a tó rí ara wa.