Kẹ́tùlù Ẹgbẹ́ Wa

 

Àwa ìgbìmọ̀ oúnjẹ ni wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀. Ẹ má fòyà, a kò ní pẹ́. Ọ̀rọ̀ tíì la fẹ́ sọ, nítorí láti àárọ̀ ni ẹ̀yin àlejò ti ń bi wá pé irú ẹgbẹ́ wo nìyí tó jẹ́ pé kẹ́tùlù ni wọ́n gbé síwájú tábìlì ńlá.

Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, bí ẹgbẹ́ gbogbo ti ń ṣe làwa náà ń ṣe. Ẹni tí ìpàdé bá kàn lóṣù náà á ra míníràlì, á ra mọ́ọ̀tì, á dín búnsì. Ẹni tí kò bá wá á san owó ìtanràn. Gbogbo wa la jọ fọwọ́ sí òfin náà.

Ní ọdún kẹrin, ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìpàdé jẹ. Oṣù kan, oṣù méjì, títí ó fi di oṣù márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la bu owó ìtanràn fún un, ó sì san gbogbo rẹ̀ láìjanpata. Àwọn kan nínú wa ní ìgbéraga ló ń ṣe é. Àwọn mìíràn ní ó ti rí ẹgbẹ́ tó jù tiwa lọ. Kò sí ẹnì kan tó lọ sílé rẹ̀ lọ bi í.

Nígbà tí a máa lọ, owó aṣọ ẹgbẹ́ la lọ gbà. Oògùn la bá lórí tábìlì rẹ̀. Dókítà ti sọ fún un pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó ní, "Ẹ má bínú. Bí mo bá wá, ẹ ó gbé mọ́ọ̀tì lé mi lọ́wọ́. Bí mo bá kọ̀ ọ́, ẹ ó bi mí nídìí. Bí mo bá mu ún, ara mi ni mo ń pa. Kí n máa san owó ìtanràn ló rọ̀ mí lọ́rùn jù."

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ohun tó dùn wá jù ni pé owó ìtanràn rẹ̀ yẹn la fi ń kún owó míníràlì.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, a dá owó rẹ̀ padà, a sì yí òfin. Tíì la ó máa mu, a kò ní fi ṣúgà sí i. Ẹni tó bá fẹ́ á bù ú fúnra rẹ̀. Ẹni tí ìpàdé bá kàn ni yóò se tíì tó fẹ́ràn jù, kó sì kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń sè é. Àwọn kan kùn. Wọ́n ní, "Ṣé ilé ìwòsàn la wà ni?" Ṣùgbọ́n wọ́n wá.

Kí á má purọ́, a kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní tíì nígbà náà. Lọ́dọ̀ tiwa, ohunkóhun tó bá ti gbóná nínú ife, tíì ni. Mílò, tíì ni. Bọ́ńfítà, tíì ni. Inú ìpàdé la ti wá mọ̀ pé tíì dúdú àti tíì aláwọ̀ ewé, igi kan náà ni wọ́n ti já wọn. Èyí tí wọ́n bá lọ́, tí wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ ẹ́, òun ni ó ń di dúdú. Èyí tí wọ́n bá tètè fi iná kàn kò ní dúdú.

Ẹni tó dàgbà sí Jọ́ọ̀sì nínú wa ló kọ́ wa ní tíì àwọn Hausa: tíì dúdú, atalẹ̀ àti kànáfùrù, kí a sè é pọ̀, kí a máa dà á láti ife kan sí òmíràn láti òkè títí yóò fi hó. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí a da omi tó ń hó lé tíì dúdú, kí a fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 4, kí a tó bu mílíìkì sí i. Kí a yé fún àpò tíì bí ẹni ń fún aṣọ. Nígbà tí tíì aláwọ̀ ewé kọ́kọ́ dé, a ní ó korò bí ewúro. Omi wa ló gbóná jù. Bí omi bá ti hó, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀, kó wá sí nǹkan bí 80°C, kí ẹ sì yọ ewé náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2.

Ẹni tó ṣe àgùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Tàràbà ló sọ fún wa pé wọ́n ń gbin tíì ní Nàìjíríà níbí, lórí òkè Mambilla, tó ga ju mítà 1,500 lọ, tí òtútù sì ń mú níbẹ̀. Láti ìgbà náà, tirẹ̀ là ń rà bí a bá rí i.

Àwọn yòókù gbé koríko ọba àti zóbò wá. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ewé tíì. Òdòdó ìṣápá pupa ni zóbò. Ṣùgbọ́n wọ́n dùn, a kò lé wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Tíì kì í wo ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ má torí ewé kankan fi oògùn dókítà sílẹ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó sọ fún dókítà rẹ̀ pé òun ń mu zóbò. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, kó má fi tíì dúdú ti oúnjẹ, nítorí ó máa ń dí ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin.

Búrẹ́dì tó wà nínú àwo yín, tíì ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Wales ló ni ín, bara brith ni wọ́n ń pè é, ìyẹn búrẹ́dì tótòtó. Ẹ rẹ àjàrà gbígbẹ gíráàmù 300 sínú mìlílítà 300 tíì dúdú tó le, tó gbóná, kó sùn mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ má da omi rẹ̀ nù. Ẹ po ẹyin 1 mọ́ ọn, ìyẹ̀fun gíráàmù 250, bákìn páúdà ṣíbí tíì 2, àti atalẹ̀ lílọ̀ ṣíbí tíì 1. Ẹ gbé e sínú ààrò ní 160°C fún nǹkan bí wákàtí kan. Ẹni tí kò ní ààrò, ìkòkò tí a da iyanrìn sí nísàlẹ̀, lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tó o. Bí ọ̀bẹ bá wọ inú rẹ̀ tó jáde ní mímọ́, ó ti jinná. Àwọn ará Wales ń fi ṣúgà sí i. Àwa yọ ọ́. Síbẹ̀, àjàrà fúnra rẹ̀ dùn, nítorí náà ẹni tó bá ń ṣọ́ ṣúgà, kó gé e tẹ́ẹ́rẹ́.

Owó ìtanràn tí a dá padà nìkan ló kù. Arábìnrin wa kò ná an. Ó fi ra kẹ́tùlù tí ẹ ń wò yìí, ó gbé e wá sí ìpàdé, ó ní, "Ẹ gbà, mo ti san ìtanràn yín fún yín." A rẹ́rìn-ín, àwọn kan nínú wa sì sunkún. Kò pa ìpàdé kankan jẹ mọ́ láìránṣẹ́. Òun náà ló ń bu tíì fún yín lónìí.

Òfin kan la fi kún ìwé òfin wa lẹ́yìn náà: bí ẹnì kan bá pa ìpàdé jẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹni méjì kọ́kọ́ lọ sílé rẹ̀, kí akápò tó gbé ìwé ìtanràn. A bẹ ẹ̀yin ẹgbẹ́ yòókù, ẹ mú un lọ sílé.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. A kò ní fi àìsàn ṣe ogún. Bí a ti ṣe tọdún kẹwàá, a ó ṣe togún ọdún, gbogbo wa ni yóò sì pé níbẹ̀. Àṣẹ.  Ẹ mú ife yín, ó ti gbóná.