ỌMỌ ÌKA KÒ DỌ́GBA: Ìkójọ àti Àdàpọ̀ Ère Ọmọ-Ogun Kéékèèké fún Eré Ogun Orí Tábìlì



Mo mọ̀ pé yóò ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yóò dúró níwájú yín láti sọ̀rọ̀ lórí ère sójà tí kò ga tó ìka ọwọ́. Ẹ má bínú. Àwọn òǹkọ̀wé ni wọ́n fà mí débẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1826, Patrick Brontë ra sójà onígi 12 ní ìlú Leeds fún Branwell, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Charlotte, ẹ̀gbọ́n Branwell, àti Emily òun Anne, àwọn àbúrò rẹ̀, mú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sọ wọ́n lórúkọ, wọ́n sì fi wọ́n dá ìlú kan sílẹ̀ nínú ìtàn. Ibo ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí? Etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ni, ní apá ibi tí Odò Ọya ti ń wọ òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò débẹ̀ rí. Ìwé ìtàn àròsọ tí àwọn ọmọbìnrin náà kọ nígbà tí wọ́n dàgbà kò ṣẹ̀yìn eré yẹn. Bákan náà ni R. L. Stevenson, ní Davos ní ilẹ̀ Switzerland ní nǹkan bí 1881, ń fi sójà onítánńganran bá Lloyd Osbourne, ọmọ ìyàwó rẹ̀, jagun lórí ilẹ̀ yàrá. H. G. Wells ló sì kọ òfin irú eré bẹ́ẹ̀ sínú ìwé Little Wars ní 1913.

Eré náà kò ṣòro ṣàlàyé. Ẹni méjì yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ méjì tábìlì tí a ti to òkè, odò àti ilé kéékèèké sí. Oníkálukú yóò máa fi rúlà wọn ìrìn ọmọ-ogun rẹ̀, dáìsì ni yóò sì sọ ẹni tó ṣubú. Àwọn ọ̀gágun Prọ́ṣíà ti ń lo irú rẹ̀ láti 1824 láti fi kọ́ àwọn ọ̀gá sójà, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù kéékèèké lásán ni tiwọn. Ẹni tó bá fẹ́ ère ni wàhálà bá, nítorí ère ní ojú, ó ní ọwọ́, ó ní ìbọn, ó sì ní ẹni tó ṣe é. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe gbogbo irú ọmọ-ogun tí olùkójọ lè fẹ́. Ó di dandan kí ó rà lọ́dọ̀ ẹni mẹ́ta, mẹ́rin, kí ó sì kó wọn pọ̀ sójú kan. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kò ju èyí lọ: kí ni ó ń sọ àwọn àjèjì wọ̀nyí di ẹgbẹ́ ogun kan?

Ìdáhùn tó kọ́kọ́ ń wá sí ẹni lẹ́nu ni ìwọ̀n. Ní Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì, ilé-iṣẹ́ Heinrichsen fi mìlímítà 30 ṣe òṣùwọ̀n ère tánńganran pẹlẹbẹ ní 1848. William Britain ní London bẹ̀rẹ̀ sí í da sójà òjé tí inú rẹ̀ ṣófo ní 1893, mìlímítà 54. Irú rẹ̀ ni Wells fi ṣeré. Airfix mú ti ike jáde ní 1959, tí kò ju nǹkan bíi mìlímítà 23 lọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú páálí kan, ní owó pọ́ọ́kú. Ike yẹn rọ̀ púpọ̀, ọ̀dà kì í fẹ́ dúró lára rẹ̀, gọ́ọ̀mù kì í fẹ́ mú un. Síbẹ̀ àwọn eléré a máa fi ọ̀bẹ tàbí abẹ́rẹ́ gbígbóná gbé orí ọ̀kan sọ́rùn èkejì, kí wọ́n lè rí ọmọ-ogun tí ilé-iṣẹ́ náà kò ṣe. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni Donald Featherstone kọ ìwé rẹ̀, War Games, fún ní 1962.

Lẹ́yìn náà ni ti òjé mìlímítà 25 gbòde, ó di 28, ó sì ti ń lọ sí 32 báyìí. Kò sí ẹni tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́nà kọ̀ọ̀kan fẹ́ kí ojú àti bọ́tìnnì ère tirẹ̀ hàn ju ti ẹlòmíràn lọ, ó sì ń fi díẹ̀ kún un. Pabanbarì rẹ̀ ni pé nọ́ńbà ara páálí kì í sọ òótọ́ tán. Ilé-iṣẹ́ kan ń wọn ère láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ẹyinjú, òmíràn ń wọ̀n ọ́n dé àtàrí. 28 pàdé 28 lórí tábìlì, ọ̀kan wá dàbí baba èkejì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi: gíga gan-an kọ́ ni ìṣòro. Nínú ẹgbẹ́ sójà gidi, a rí ẹni gíga, a rí ẹni kúkúrú. Ọmọ ìka kò dọ́gba. Bí mìlímítà 28 bá dúró fún ẹni tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 170, mìlímítà 2 kò ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ, èyí tí a lè rí láàrin ọmọ ìyá méjì. Ohun tí ojú kò lè gbà ni kí orí ọ̀kan tó orí èkejì méjì, tàbí kí ìbọn ọ̀kan nípọn bí òpó ilé.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a dàgbà sáàrin ère. Orí àgbàlagbà tó wà láàyè jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú méje gíga rẹ̀. Ẹ wo ère idẹ ọba tí wọ́n rí ní Ìta Yemòó ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1957: orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ta ni yóò wo ojú tó gún régé bẹ́ẹ̀, tí yóò ní ẹni tó rọ ọ́ kò mọ bí ara ènìyàn ṣe rí? Orí ni ó fẹ́ kí a rí. Àwọn ọlọ́nà Citadel, tí wọ́n ń ṣe ère fún Warhammer láti 1983, sọ orí àti ọwọ́ di ńlá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìdí tiwọn yàtọ̀. Ẹni tó dúró ti tábìlì jìnnà sí ère tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Orí tó bá ara mu kò ní ju mìlímítà 4 lọ, ojú kò sì ní rí i dáadáa. Michael àti Alan Perry, tí wọ́n ti bá Citadel ṣiṣẹ́ rí, dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì mú ère wọn súnmọ́ ara ènìyàn gidi. Bí a bá to irú méjèèjì pọ̀, gíga wọn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, síbẹ̀ wọn kò ní jọ ará ìlú kan náà. N kò fẹ́ pe ọ̀kan ní òótọ́ kí n pe èkejì ní irọ́. Àṣà ìrísí méjì ni wọ́n, bí ewì àti ìtàn àròsọ ṣe jẹ́ àṣà ìsọ̀rọ̀ méjì.

Àwọn tó mọ àdàpọ̀ yìí í ṣe kì í fi rúlà bẹ̀rẹ̀. Ìbọn, idà àti fìlà ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, nítorí pé nǹkan wọ̀nyí ni ènìyàn máa ń ní ní ìwọ̀n kan náà, yálà ó ga tàbí ó kúrú. Bí ìbọn bá jọra, ojú yóò dárí ji gíga. Bí kò bá jọra, wọn a gé ti ọ̀kan kúrò, wọn a fi ti èkejì rọ́pò rẹ̀. Wọn a sì máa mú orí láti inú páálí kan ṣoṣo fún ara tó wá láti ibi mẹ́ta. Wọn a fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ẹni kúkúrú sókè lábẹ́ ẹsẹ̀. Wọn kì í to àjèjì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹgbẹ́ kan yóò jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan, ti èkejì yóò wà lápá kejì tábìlì. Ẹṣin le ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí ẹṣin tó tóbi jù ń sọ ẹni tó gùn ún di ọmọdé. Níkẹyìn, ọwọ́ kan náà ni yóò kun gbogbo wọn, erùpẹ̀ kan náà ni wọn yóò sì fi bo pèpéle wọn. Mo máa ń ronú kan àdàlú tí a ń jẹ nílé: ẹ̀wà kò di àgbàdo, àgbàdo kò di ẹ̀wà, epo kan náà ló pa wọ́n pọ̀.

Nítorí náà, n kò gba ti àwọn tó ní kí olùkójọ kó ère àtijọ́ dànù nítorí pé tuntun ga jù ú lọ. Ní 2017, Games Workshop mú Space Marine tuntun jáde tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní gbangba, àwọn tó ti ń kun ti àtijọ́ fún ọgbọ̀n ọdún sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè bóyá iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti di aláìlójú. Ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti tajà. Olùkójọ ní ẹ̀tọ́ láti to àgbà àti ọmọdé sí ìlà kan.

Ewu tó tóbi jù wà níwájú. Nígbà tí olùkójọ bá kú, àwọn ajogún kì í sábà mọ ohun tí wọ́n ń wò. Oníṣòwò lè wá, kí ó yí ère dojú dé, kí ó wá orúkọ ilé-iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kí ó to wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tà. Ère kan kì í sọnù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ogun náà ti tú ká. Àwọn oníṣòwò kan ní Yúróòpù ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́, tí wọ́n ń já ojú-ewé tó ní àwòrán kúrò, tí wọ́n ń tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Títí di òní ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń wá ojú-ewé kiri láti tún ìwé kan tò. Ohun tí mo ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń kó ère jọ ni kí ó ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ó kọ ibi tí orí ti wá, ibi tí ara ti wá, ọdún tó kùn ún, àti ìdí tó fi fi ti ibí pọ̀ mọ́ ti ọ̀hún. Kí ó sì ya fọ́tò gbogbo wọn níbi tí wọ́n dúró sí lórí tábìlì, kí ó tó di pé ẹlòmíràn tò wọ́n sínú páálí.