Òkú Tó Tún Dìde: Èwo Ló Dára Jù Nínú Àwọn Àtúndá Resident Evil?

Mo rí i pé àwọn bàbá kan tó jókòó níwájú ń wo àkọlé ọ̀rọ̀ mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ má wulẹ̀ ro ó jìnnà, ẹ̀yin bàbá mi. Géèmù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Bí a bá ń fi wákàtí méjì jiyàn lórí ẹni tó mọ ìjálá sun jù, ó yẹ kí a lè fi ìdajì wákàtí jiyàn lórí iṣẹ́ ọnà tí àwọn ọmọ wa ń fi òru gbogbo bá ṣeré.

Ìjà tí mo fẹ́ dá sí kì í ṣe tuntun láàárín àwọn tó ń fi géèmù Resident Evil ṣeré: èwo ló dára jù nínú wọn? Èwo ló sì ju ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ nínú àwọn tí wọ́n tún dá? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí a máa sọ pé ti ọdún 2019 ni, tàbí ti 2023. Àwọn tí irun wọn ti ń funfun bíi tèmi a ní kò sí èyí tó ju ti àtijọ́. Apá méjèèjì ni mo fẹ́ bá jà.

Fún àǹfààní ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹta, ọdún 1996, ilé-iṣẹ́ Capcom ti ìlú Òsákà gbé géèmù kan jáde fún PlayStation ní Japan. Biohazard ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù mọ̀ ọ́n sí Resident Evil. Shinji Mikami ni olùdarí rẹ̀. Kò sì dédé hù jáde láti inú afẹ́fẹ́: Capcom ti ṣe géèmù ilé abàmì kan tó ń jẹ́ Sweet Home lọ́dún 1989, lábẹ́ Tokuro Fujiwara, Fujiwara yìí náà ló sì gbé iṣẹ́ tuntun lé Mikami lọ́wọ́. Ìtàn rẹ̀ kò le. Àwọn ọlọ́pàá àkànṣe kan sá wọ ilé ńlá kan nínú igbó lẹ́bàá ìlú Raccoon City. Ilé-iṣẹ́ oògùn kan, Umbrella, ti ṣe kòkòrò àrùn tó ń mú òkú rìn sínú ilé náà. Ẹ lè jẹ́ Chris, ẹ lè jẹ́ Jill. Kí ẹ ṣáà jáde láàyè ni.

Bí wọ́n ṣe ṣe é ló mú un dẹ́rù bani. Agbára ẹ̀rọ ìgbà náà kò tó láti ya gbogbo ilé bí ẹ ṣe ń rìn nínú rẹ̀, nítorí náà, wọ́n ti ya àwòrán yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n sì kan kámẹ́rà mọ́ igun kan. Ẹ ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, ẹ kò ní rí ẹni tó ni ín, torí pé ẹ̀yìn kámẹ́rà ló wà. Chris kò lè gbé ju ẹrù 6 lọ, Jill kò lè gbé ju 8. Bí ẹ bá fẹ́ fi ibi tí ẹ bá eré dé pamọ́, ẹ gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí ẹ sì ní ríbọ́ǹnù tí ẹ máa fi sí i. Ríbọ́ǹnù náà sì níye. Ìlẹ̀kùn tó máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn, tí gbogbo wa ń di ojú sí, CD ló ń wá yàrá tó kàn nígbà yẹn. Ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe ni wọ́n sọ di ìpayà. Ìsọ̀rọ̀ àwọn òṣèré inú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n dá a lé. Ó burú débi pé ó ti di àwàdà kárí ayé.

Láti ìgbà náà, Capcom ti tún mẹ́rin dá nínú àwọn géèmù náà láti ìpilẹ̀: èkíní lọ́dún 2002, èkejì lọ́dún 2019, ẹ̀kẹta lọ́dún 2020, ẹ̀kẹrin lọ́dún 2023. Kí ẹni tó fẹ́ bá mi jà lè ti múra sílẹ̀, ibi tí mo dúró sí nìyí: ti ọdún 2002 ló ga jù, kò sì ga torí ẹwà rẹ̀. Ó ga torí pé ó mọ̀ pé a ti ṣe ti àkọ́kọ́ rí, ó sì ń fi ohun tí a mọ̀ yẹn bá wa jà.

Ẹ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan nísàlẹ̀ ilé náà, èyí tó yà ní igun, tí fèrèsé onígíláàsì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú ti 1996, bí ẹ bá ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá ni ajá tí ara rẹ̀ ti jẹrà yóò fọ́ fèrèsé wọlé gbàà! Kò sí ẹni tó ṣe géèmù náà tó gbàgbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ní 2002, Mikami fúnra rẹ̀ tún darí iṣẹ́ náà fún GameCube. Ẹ padà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìbọn ti wà lọ́wọ́, ẹ ti na ọwọ́ síwájú, ẹ ń yọ́ rìn. Gíláàsì sán pẹ́ẹ́. Ó sán, kò fọ́. Ajá kankan kò wọlé. Ẹ dúró, ẹ retí, ẹ fi ojú òpè kọjá lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nígbà tí ẹ bá tún gba ibẹ̀ padà, tí ọkàn yín ti wà lórí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ń wá, ni ajá náà tó dé. Apàlọ́ tó bá já fáfá, tó mọ̀ pé àwọn ọmọ ti gbọ́ àlọ́ òun rí, yóò fa ibi tí wọ́n ń retí orin gùn títí wọn yóò fi gbà pé kò ní orin mọ́, kí ó tó dá a. Ohun tí Mikami ṣe gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọn òkú tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1996, òkú tí ẹ bá ti yìnbọn mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì ti tàn sábẹ́ rẹ̀, ọ̀ràn rẹ̀ ti parí. Ẹ lè máa fò ó kọjá títí eré yóò fi tán. Ní 2002, bí ẹ kò bá fọ́ orí rẹ̀ tàbí kí ẹ sun ún níná, bó bá pẹ́, yóò dìde. Ara rẹ̀ yóò ti pọ́n fòò, èékánná rẹ̀ yóò ti gùn, kò sì ní wọ́ ẹsẹ̀ mọ́: sísá ni yóò máa sá tọ̀ yín bọ̀. Ẹ fẹ́ sun ún? Kẹrosíìnì kò pọ̀ nínú ilé. Ìgò tí ẹ ń bù ú sí kò ju ìsun ẹ̀ẹ̀mejì lọ kí ẹ tó padà lọ bu òmíràn, ìgò náà sì ti gba àyè kan nínú ẹrù yín. Chris ní láítà tirẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Jill gbọ́dọ̀ wá a, kí ó sì tún fi àyè kan sílẹ̀ fún un. Ẹ wá jókòó sídìí máàpù ilé, ẹ ń ṣírò: òkú tó wà lẹ́nu ọ̀nà àtẹ̀gùn yìí, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ṣì máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá? Èyí tó wà nínú yàrá tí n kò ní padà sí, ṣé kí n fi sílẹ̀? Ṣé kí n tiẹ̀ má yìnbọn mọ́ ọn rárá, kí n kàn yà fún un? Géèmù ìbọn tó ń mú ènìyàn bẹ̀rù àtiyìnbọn, ẹ bá mi wá irú rẹ̀.

Wọ́n tún fi ọmọbìnrin kan kún un, Lisa Trevor, tí kò sí nínú ti àkọ́kọ́. Ọmọ ẹni tó ya àwòrán ilé náà ni, Umbrella sì fi ara rẹ̀ dán kòkòrò àrùn wò títí ó fi di ohun tí ìbọn kò lè pa. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ rẹ̀ tó ń dún, ẹ sá. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni ilé tí a ti ń rìn kiri inú rẹ̀ láti 1996 fi wá ní onílé tí ìyà jẹ.

Owó kò wọlé tó bí wọ́n ti retí o. Mikami ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé títà tí iṣẹ́ 2002 yẹn kò tà dáadáa wà lára ohun tó mú òun yí Resident Evil 4 padà sí géèmù tó gbóná, tó kún fún ìjà. Ẹni tó bá ń ka iye tí wọ́n tà kí ó tó sọ èyí tó dára jù, kí ó rántí ìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a kan ti 2019. Ìpilẹ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 1998, Hideki Kamiya ló darí rẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá Raccoon City ló sì ti wáyé. N kò ní purọ́ mọ́ iṣẹ́ àtúndá yìí: ó dára. Òmìrán tí a ń pè ní Mister X, tó jẹ́ pé apá kejì eré nìkan ló ti ń yọjú ní 1998, wọ́n tú u sílẹ̀ kiri gbogbo àgọ́ náà. Ẹ ó wà nínú ibi ìkàwé, ẹ ó máa gbọ́ bàtà rẹ̀ tó ń lu ilẹ̀ ní òkè orí yín, gbì, gbì, gbì, ẹ ó sì mọ ìgbà tó yà sí ọ̀dọ̀ yín.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n sọ nù, mo sì ń dá wọn lẹ́bi fún un. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà nínú àgọ́ ti 1998. Ìbọn ayọta-léraléra kan wà níbẹ̀, àpò ìbàdí kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Nínú géèmù yìí, ẹ lè jẹ́ Leon tàbí Claire. Bí ẹ bá jẹ́ Leon, tí ẹ kó méjèèjì, nígbà tí ẹ bá di Claire ní apá kejì, kọ́bọ́ọ̀dù òfìfo ni ẹ máa bá. Ojúkòkòrò yín ti pa ẹnì kejì lára, ẹnì kejì náà sì tún jẹ́ ẹ̀yin. Ní 2019, ìtàn Leon àti ti Claire kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ara wọn. Annette Birkin, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn inú ìtàn náà, kú níwájú Leon. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ti Claire, ó tún kú níbẹ̀ lọ́nà mìíràn. Àwọn àdììtú ère kan náà ni ẹ máa tún dojú kọ. Iṣẹ́ tó náni lówó tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi RE Engine, ohun èlò tí Capcom fi ń ṣe géèmù, ya gbogbo irun orí, kò rí àyè fún kọ́bọ́ọ̀dù kan.

Ti 2020, n kò ní pẹ́ nídìí rẹ̀. Wọ́n mú ọ̀tá tó ń jẹ́ Nemesis, tó ń lé wa láti yàrá dé yàrá ní 1999, wọ́n so ó mọ́ àwọn ibi tí wọ́n ti là sílẹ̀ fún un. Wọ́n yọ ilé aago ńlá kúrò, ó ku ìjà níta rẹ̀. Wọ́n yọ àwọn ìpinnu tí Jill ní láti ṣe kíákíá, tó ń yí ọ̀nà padà. Ó kúrú, ó ṣófo.

Ti 2023 ló le láti dá lẹ́jọ́. Resident Evil 4 ti 2005 yí gbogbo iṣẹ́ géèmù padà: ó gbé kámẹ́rà sẹ́yìn èjìká Leon, àìmọye géèmù ló sì kọ́ ọ láti ibẹ̀. Ẹ má gbàgbé abúlé ìbẹ̀rẹ̀ ní Spain: àwọn ará abúlé ń fi àáké lé yín, ọkùnrin kan fi àpò bo orí, ó gbé ayùn ẹlẹ́rọ dání, agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún lójijì, gbogbo wọn sọ ohun ìjà sílẹ̀, wọ́n sì lọ. Ní 2005, bí Leon bá ti gbé ìbọn sókè, kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Gbogbo ìjà náà ni wọ́n kọ́ lé orí ìdúró yẹn: nígbà wo ni mo fẹ́ dúró, nígbà wo ni kí n sá? Ní 2023, Leon ń rìn, ó ń yìnbọn. Àwọn olùdarí, Yasuhiro Ampo àti Kazunori Kadoi, mọ̀ pé ìyẹn yóò sọ eré di ẹ̀rọ̀, ni wọ́n bá jẹ́ kí àwọn ọ̀tá yára, wọ́n sì fún Leon ní ọ̀bẹ tó lè fi gba ayùn pàápàá, ọ̀bẹ tó ń gbó, tí olùtajà yóò tún ṣe fún owó. Èsì gidi nìyẹn, mo kí wọn. Síbẹ̀, ìbéèrè mìíràn ni wọ́n dáhùn. Ẹni tó bá ti ṣe ti 2023 tán, kí ó má rò pé òun ti ṣe ti 2005; méjì ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí a fi méjèèjì sílẹ̀.

Ẹnì kan ti gbé ọwọ́ sókè níbẹ̀ yẹn, mo sì mọ ohun tó fẹ́ bi mí: ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn 2002, tí kò mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ajá, kí ló kàn án nínú ìtàn ẹ̀tàn Mikami? Ajá yẹn lè má dùn mọ́ ọn bíi tèmi, mo gbà. Òkú tó fi sílẹ̀ láìsun yóò ṣì lé e. Ìdí rèé tí ti 2002 tí wọ́n tún gbé jáde lọ́dún 2015, tó fàyè gba bí a ṣe ń di páàdì mú lóde òní, fi rí olólùfẹ́ tuntun.

Ó ku Resident Evil 5 ti 2009, èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n sọ pé ó ti wáyé, ní ìlú àròsọ kan tó ń jẹ́ Kijuju. Síbẹ̀, èdè Swahili ni àwọn ará ìlú náà ń fi pariwo. Lẹ́yìn tí àwòrán rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní 2007, tí ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan ń yìnbọn pa àwọn ènìyàn dúdú lọ rẹpẹtẹ, akọ̀ròyìn N'Gai Croal bu ẹnu àtẹ́ lu bí wọ́n ṣe ya wọ́n. Capcom ní Sheva Alomar nínú rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tó ń bá Chris ṣiṣẹ́, àmọ́ wọ́n tún lọ ya àwọn ará irà kan, Ndipaya, pẹ̀lú ọ̀kọ̀, ìbòjú àti ìbàǹtẹ́ koríko. Tí wọ́n bá fẹ́ tún un dá, irú iṣẹ́ tí 2002 ṣe fún òkú inú ilé ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe fún àwọn ará Kijuju: kí ẹni tí a yìnbọn mọ́ ní ọjà ní orúkọ, kí ó ní ṣọ́ọ̀bù, kí ṣọ́ọ̀bù náà wà ní títì nígbà tí a bá tún gba ibẹ̀ kọjá. Kí wọ́n sì wá ẹni tó mọ èdè tí wọ́n ń sọ ní etíkun wa yìí, kí wọ́n san owó rẹ̀ fún un.