Ta Ni Ó Kọ́ Odídẹrẹ́ Yìí Ní Ọ̀rọ̀? Ìmọ̀ràn Lórí Yíyan Ẹ̀rọ Wi-Fi



Kò wọ́pọ̀ kí ọmọ Yorùbá gbọ́ orúkọ Ìwó kí ó má rántí odídẹrẹ́, nítorí ẹyẹ náà ni a máa ń fi ki ìlú yìí. Ohun tí ó sọ odídẹrẹ́ di ẹyẹ iyì ni pé ó ń fọhùn bí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti sin ín rí mọ̀ pé kì í dá ọ̀rọ̀ hùmọ̀. Ohun tí a bá fi kọ́ ọ ni ó ń wí. Bí ẹnì kan bá ra èyí tí ó ti dàgbà lọ́jà, tí kò sì bèèrè ẹni tí ó kọ́ ọ, ó di ọjọ́ tí àna rẹ̀ bá wá kí i kí ó tó mọ̀ bóyá ìkíni ni ẹyẹ òun gbọ́ tàbí èébú.

Odídẹrẹ́ irú èyí ti wà ní ọ́fíìsì, ilé-ìwé àti ilé gbígbé púpọ̀ lóde òní. Ẹ̀rọ kékeré ni. Ọ̀pá eríàlì a máa wà lórí rẹ̀, iná wínníwínní a sì máa ṣẹ́jú lára rẹ̀ tọ̀sán tòru. Òun ni ó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, tí ó sì ń fi ìgbì rédíò fọ́n ọn ká láìsí wáyà. Ráútà ni àwọn tí ń tà á ń pè é. Àwọn ẹlòmíràn a máa pè é ní Wi-Fi. Ìlú tí a ti ń kọ́ olùkọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni Ìwó: ilẹ̀ tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Onítẹ̀bọmi wà tẹ́lẹ̀ ni Yunifásítì Bowen, tí a dá sílẹ̀ ní 2001, wà lónìí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ráútà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó nìkan. Ọ̀gá ilé-ìwé ní Ìwó tí a fún ní owó tí kò tó nǹkan, pé kí ó fi so yàrá kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ní ìpinnu kan láti ṣe. Bí ó bá ṣì í yàn, ọdún púpọ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yóò fi jìyà rẹ̀.

Ohun tí ojú ń rí lára ráútà ni ike, ọ̀pá eríàlì àti ihò tí a ń ki wáyà bọ̀. Ohun tí ojú kò rí ni ètò tí ń darí rẹ̀ láti inú, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní firmware. Ètò inú ẹ̀rọ yìí ni ó ń pinnu ẹni tí ó lè wọlé àti ẹni tí kò lè wọlé; òun ni ó ń yà ọ̀nà fún gbogbo iṣẹ́ tí ń kọjá nínú ẹ̀rọ náà. Òun gan-an ni ọ̀rọ̀ tí a fi kọ́ odídẹrẹ́. Oríṣi méjì ni ó wà. Èkíní ni èyí tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ pa mọ́, tí ẹni tí ó rà á kò ní àǹfààní láti wò ó. Èkejì ni èyí tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní gbangba, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà lè kà, lè tún ṣe, tí ó sì lè pín fún ẹlòmíràn. Èyí ni wọ́n ń pè ní open source. Kókó ọ̀rọ̀ náà ni pé kí ẹni tí ó ń ra ráútà má ṣe wo ike àti iye owó nìkan. Kí ó bèèrè bóyá ètò inú rẹ̀ ṣe é ṣí, ó ṣe é kà, ó sì ṣe é pààrọ̀.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ráútà a máa tún ètò inú rẹ̀ ṣe fún ìwọ̀nba ọdún díẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé tuntun jáde, wọn a kẹ̀yìn sí ti àtijọ́. Ẹ̀rọ náà kò tíì bàjẹ́, iná rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n bí àwọn olè bá rí ihò lára rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò dí i. Máàkì ìdánwò, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti owó ilé-ìwé sì ń gba inú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2016 jẹ́ àríkọ́gbọ́n. Ètò búburú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mirai bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ráútà àti kámẹ́rà ìṣọ́lé káàkiri ayé. Ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé ni ọ̀rọ̀ aṣínà tí a ti fi sínú ẹ̀rọ láti ilé-iṣẹ́, tí onílé kò sì yí padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ìkọlù ẹ̀yà Mirai kan dá iṣẹ́ ẹ̀rọ nǹkan bí 900,000 oníbàárà Deutsche Telekom dúró ní Jámánì. Nítòsí ilé, wọ́n fi ogun irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọlu ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Lonestar ní Làìbéríà. Ní oṣù kìíní 2019, ilé-ẹjọ́ kan ní London rán ọkùnrin kan lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ nítorí ọ̀ràn ti Làìbéríà. Àwọn tí ẹ̀rọ wọn jà nínú ogun yìí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ogun wà.

Báwo wá ni àkọsílẹ̀ ètò inú ráútà ṣe dé gbangba? Ọ̀rọ̀ náà tọ Linux lọ, ètò kọ̀ǹpútà tí Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Àdéhùn tí ó de Linux ni pé ẹni tí ó bá lò ó nínú ọjà tí ó ń tà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbà. Ní ìparí 2002, ilé-iṣẹ́ Linksys gbé ráútà kan tí ń jẹ́ WRT54G jáde. Ní 2003, ọdún tí Cisco ra Linksys, àwọn onímọ̀ ṣàkíyèsí pé Linux ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà, wọ́n sì béèrè àkọsílẹ̀ rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, àkọsílẹ̀ ti bọ́ sí gbangba. Ní 2004, àwọn kan mú un, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì pe iṣẹ́ wọn ní OpenWrt. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń bù kún un. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ṣe dá OpenWrt.

Bí a bá sì ti dárúkọ Ifẹ̀, ó yẹ kí a rántí pé fífi rédíò so kọ̀ǹpútà pọ̀ kì í ṣe ohun àjèjì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ físíìsì tí ó wà ní Trieste ní Ítálì, ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní Kafanchan, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, Fantsuam Foundation dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì aláìlówàyà tí wọ́n pè ní Zittnet sílẹ̀ fún ará ìlú. Ní Gúúsù Áfíríkà, ẹgbẹ́ Village Telco gbé ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Mesh Potato jáde, kí àwọn ará àdúgbò lè máa fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Orí OpenWrt ni wọ́n kọ́ ọ lé. Wọn kò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó ṣe é, nítorí àdéhùn OpenWrt ti fi àṣẹ náà fún gbogbo ayé.

Ọ̀nà wo ni ẹni tí ó wà ní Ìwó yóò wá gbà yan ẹ̀rọ tirẹ̀?

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ó tó lọ sí ọjà, kí ó wo àtẹ orúkọ ráútà tí àwọn OpenWrt tẹ̀ jáde, èyí tí ó ń sọ ẹ̀rọ tí ètò wọn lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Orúkọ nìkan kò tó. Kí ó dojú ẹ̀rọ dé, kí ó ka nọ́ńbà ẹ̀yà tí ó wà lára ìwé pélébé tí a lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ní 2005, ẹ̀yà karùn-ún WRT54G jáde pẹ̀lú orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ Linux kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì ti gé àyè ìpamọ́ rẹ̀ láti mẹ́gábáìtì 4 sí 2, àti ìrántí tí ó fi ń ṣiṣẹ́ láti 16 sí 8. Àwọn tí ó fẹ́ ti àtijọ́ ní láti wá WRT54GL rà. Orúkọ kan náà kì í ṣe ìwà kan náà.

Lẹ́ẹ̀kejì, kí ó wo ìwọ̀n àyè ìpamọ́ àti ìrántí náà. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó ní mẹ́gábáìtì 4 fún ìpamọ́ àti 32 fún ìrántí kò lè gba OpenWrt tuntun mọ́. Ẹni tí ó ń rà lónìí, kí ó má ṣe gba ohun tí ó kéré sí 16 àti 128.

Lẹ́ẹ̀kẹta ni ṣíìpù tí ń ṣiṣẹ́ rédíò nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú ti MediaTek àti ti Qualcomm Atheros ni ó ní ètò ìdarí tí ó wà ní gbangba. Ti Broadcom a máa fa wàhálà, nítorí àkọsílẹ̀ ètò ìdarí púpọ̀ nínú wọn ṣì wà ní ìpamọ́. Wi-Fi lè má ṣiṣẹ́ dáadáa lórí wọn bí a bá pààrọ̀ ètò.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí ó ṣọ́ra fún ráútà tí a tì mọ́ káàdì ilé-iṣẹ́ kan. Owó rẹ̀ lè dín, ṣùgbọ́n ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ayálégbé ni ẹni tí ń gbé inú rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀karùn-ún ni ọ̀rọ̀ iná. Ráútà tí ń lo fóólìtì 12 ni ó rọrùn jù, nítorí bátìrì fóólìtì 12 pọ̀ lọ́jà. Bátìrì kékeré tí ó ní ámípíà-wákàtí 7 gba agbára wáàtì-wákàtí 84. Bí ráútà bá ń jẹ wáàtì 6, tí a sì lo ìdajì agbára náà péré kí bátìrì lè pẹ́, wákàtí 7 gbáko ni yóò fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí iná bá lọ. Àǹfààní bátìrì yìí pọ̀ jù lọ ní ọjọ́ tí a bá ń pààrọ̀ ètò inú ẹ̀rọ. Bí iná bá lọ nígbà tí iṣẹ́ náà kò tíì parí, ráútà lè kú fin-ín, kí ó di bíríkì. OpenWrt One, tí àwọn OpenWrt àti ẹgbẹ́ Software Freedom Conservancy gbé jáde ní ìparí 2024, ní àyè ìpamọ́ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan lè jí èkejì dìde bí irú ewu bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé bí àkọsílẹ̀ bá wà ní gbangba, olè náà yóò kà á. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Mirai kò ka àkọsílẹ̀ kankan kí ó tó wọ ilé onílé. Àṣírí kì í ṣe odi. Síbẹ̀, kò yẹ kí a tan ara wa pé ohun tí ó wà ní gbangba kò lè ní àléébù. Ihò kan wọ inú OpenWrt ní 2017, ní apá tí ń gba ètò tuntun wọlé. Ó di 2020 kí a tó rí i, kí a sì dí i. Àǹfààní tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀ lè rí àléébù, kí ó sì kígbe. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gba àtúnṣe náà sínú ẹ̀rọ tirẹ̀ kò jèrè ohunkóhun. Ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí.

Àwọn mìíràn yóò wí pé iṣẹ́ yìí le jù fún olùkọ́, àti pé pípààrọ̀ ètò lè sọ ìwé ẹ̀rí tí ilé-iṣẹ́ fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀rọ nù. Èyí náà ní ìwọ̀n òtítọ́ tirẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ lè fi ètò ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ó bá ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà tí ó sì ń gba àtúnṣe déédéé. Ṣùgbọ́n kí ó ra èyí tí ó ṣe é pààrọ̀, kí ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá kẹ̀yìn sí i má baà jẹ́ ọjọ́ ikú ẹ̀rọ náà.

Ohun kan kù tí ó kan àwọn olùkọ́ èdè. Ojú-ìwé tí a fi ń bá OpenWrt sọ̀rọ̀ ni àwọn olùyọ̀ǹda ti túmọ̀ sí èdè oríṣiríṣi. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà àti akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lè jókòó pọ̀ ní Ìwó, kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí a ń tì, ohun tí a ń ṣí àti ẹni tí a gbà láyè, kí wọ́n sì fi wọ́n sínú ẹ̀rọ náà láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà náà, bí àlejò bá bèèrè ẹni tí ó kọ́ odídẹrẹ́ ní ọ̀rọ̀, onílé yóò lè dá a lóhùn.