Àwìn Kì Í Wọ Inú Ẹrù

Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú ọdún 1969, ìjọba Gánà lábẹ́ Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a gbà láàárín ọjọ́ 14, tàbí kí wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù Ọ̀pẹ̀ ni gbèdéke náà pé. Lára àwọn tí àṣẹ yìí bá ni ọ̀pọ̀ ìdílé láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ẹjìgbò, Ìnísà, Ìgbòho àti Ṣakí, tí wọ́n ti ń ṣòwò tipẹ́ ní Accra, Kumasi, Tamale àti àwọn ìlú kéékèèké tó yí wọn ká. Bí a bá ń sọ ìtàn ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n lò kẹ́yìn níbẹ̀, ẹrù la sábà máa ń sọ: ọkọ̀ tó kún àkúnfàya, àpótí tó já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ilé tí wọ́n tì pa. Ètò tòní gba ibòmíràn wò ó. Ẹrù kọ́ ló ba ìdílé wọ̀nyẹn jẹ́, owó wọn tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Ọjọ́ 14 tó di ẹrù, kò tó gba àwìn. Ìjọba tó bá sì fún oníṣòwò ní ọjọ́ 14 pé kó máa lọ ti gba dúkìá rẹ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ kan kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí òwò náà ṣe ń rìn. Kí Gánà tó gba òmìnira ní 1957, Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló ń ṣàkóso Gold Coast àti Nàìjíríà, ẹni tó bá sì gbéra ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Kumasi kò ní ìdí láti máa wá ìwé kan kiri. Á kó ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ dání, á máa kiri, nígbà tó bá yá á gba ìsọ̀, á ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ nílé, àbúrò náà á tún ránṣẹ́ pe ẹlòmíràn. Nígbà tí Gánà ka ènìyàn rẹ̀ ní 1960, nínú ènìyàn 100, bíi 12 ló jẹ́ àlejò, àwọn Yorùbá inú wọn sì tó nǹkan bí 100,000. Aṣọ, àwo, àtùpà, ọṣẹ, òwú, abẹ́rẹ́, ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́, irú ọjà wọ̀nyí ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Oníṣòwò tó tóbi á gba ọjà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ òyìnbó tàbí lọ́wọ́ àwọn ará Lẹ́bánónì, á pín in fún àwọn tí kò tó o, àwọn yẹn á gbé e dé abúlé, wọ́n á sì tà á láwìn fún àgbẹ̀ tí kì í rí owó gidi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Obìnrin ní oníbàárà tirẹ̀, ọkọ ní tirẹ̀, èkíní kì í sábà mọ iye tó wà níta fún èkejì. Ẹni tó bá yọjú sí ìsọ̀ irú wọn á rí ìwọ̀nba ọjà lórí pẹpẹ, á sì rò pé gbogbo ohun tí wọ́n ní nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù kò sí ní ìsọ̀ rárá. Ó ti fọ́n ká láti abúlé dé abúlé, nínú ìwé tí ẹlòmíràn kò lè kà, tàbí nínú orí ẹni tó tà á.

Ìdí nìyí tí ọjọ́ tí àṣẹ náà jáde fi ṣe pàtàkì ju bí a ṣe ń kà á sí lọ. Oṣù Ọ̀wàrà ni ìkórè kòkó ńlá ń bẹ̀rẹ̀ ní Gánà, ó sì máa ń nà wọ inú ọdún tuntun. Lápá àríwá, ní agbègbè Tamale, àsìkò yìí náà ni iṣu àti ọkà bàbà ń wọlé. Gbogbo àwìn tí wọ́n tà nígbà òjò, àsìkò yìí ni wọ́n dá a sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú, àgbẹ̀ ti ń ká kòkó, ó ń sá a, ó ti tà díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọdún náà kò tíì pé sí i lọ́wọ́. Ká ní oṣù Ẹrẹ̀nà ni ìjọba sọ ohun kan náà, pẹ̀lú ọjọ́ 14 kan náà, àdánù ì bá mọ níwọ̀n. Ní Bélú, ohun méjì ló di ọwọ́ onígbèsè mú: kò rówó, ó sì mọ̀ pé láìpẹ́ ẹni tó ń bi òun léèrè owó kò ní sí nílùú mọ́. Kò pọn dandan ká pè é ní olè. Ibi yòówù kó jẹ́, ẹni tó bá wà nípò rẹ̀ á ní kí wọ́n padà wá lọ́la, ọ̀la tó sì kù nílẹ̀ kò ju 14 lọ.

Àní, ọjọ́ 14 ọ̀hún kò pé. Ọjọ́ mélòó kan á ti bá ìbéèrè lọ: ṣé àwa náà ni wọ́n ń bá wí, ṣé ìwé tí bàbá gbà láyé òyìnbó ṣì ń ṣiṣẹ́, ta ló mọ ènìyàn ní ọ́fíìsì? Lẹ́yìn náà ni títa dúkìá. Nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ, bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù lọ́sẹ̀ kan náà, tí olùrà sì mọ ọjọ́ tí olùtà gbọ́dọ̀ lọ, kò sí ìdúnàádúrà níbẹ̀ mọ́. Ilé tún le ju ìyẹn lọ, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì kò tó wá ẹni tó lè san owó ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá tilẹ̀ rí tà, owó sídì ló gbà, láti 1961 ni òfin Gánà sì ti ń ká kíkó owó jáde lọ́wọ́ kò. Ọ̀nà tó kù ni kó fi owó náà ra ohun tí ọkọ̀ lè gbé. Nítorí náà, ẹrù gègèrè tó ń gba Aflao, Lomé, Cotonou àti Porto-Novo bọ̀ ní Ìdíìrókò, tó ń kọjá ẹnubodè mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kì í ṣe àpẹẹrẹ pé wọ́n rí nǹkan kó bọ̀. Owó tí kò rí ọ̀nà mìíràn gbà jáde ni.

Àwọn kan á ní òfin ni òfin. Òtítọ́ ni: láti 1963 ni òfin àlejò ti wà nílẹ̀ ní Gánà, ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ìwé. Èyí kì í ṣe ohun tó yẹ ká bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni òfin ọ̀hún fi sùn, tí wọ́n ń gba owó ìsọ̀ àti owó-orí lọ́wọ́ àwọn kan náà tí wọn kò bi léèrè ìwé. Ẹ tún wo ti 1968. Nígbà tí ìjọba ológun Gánà ṣòfin pé kí òwò kéékèèké di ti ọmọ onílẹ̀ nìkan, ọdún ni wọ́n fi díwọ̀n àyè tí wọ́n fún àlejò láti kógbá sílé, kì í ṣe ọjọ́. Nítorí náà, orílẹ̀-èdè kan náà ti mọ iye àkókò tí oníṣòwò nílò, ó sì ti kọ ọ́ sínú òfin ara rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú. Òfin 1968 yẹn tún mú kí ìwé ìgbélùú fúnra rẹ̀ má fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún aláròóbọ̀: àyè àtijókòó ni ìwé náà á fún un, àyè àtitajà ti ń tán lọ.

Àwọn mìíràn á rántí pé ebi ń pa Gánà nígbà náà. Gbèsè tí ìjọba Nkrumah fi sílẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n, iye owó kòkó lágbàáyé sì ti já wálẹ̀ gan-an láàárín ọdún díẹ̀ ṣáájú. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ìsọ̀ Yorùbá kò gba ẹni tí yóò máa tà á ní ọjà láwìn pẹ̀lú rẹ̀, oko kòkó tí àwọn alágbàṣe ilẹ̀ òkèèrè ń ṣán tẹ́lẹ̀ sì ń wá ọwọ́ kiri lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Ní ti àwọn tó ń ní Nàìjíríà náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1983, nígbà tí ìjọba Shagari fún àwọn tí kò níwèé ní ọjọ́ 14, tí àwọn ará Gánà tó ju mílíọ̀nù kan lọ sì padà sílé, ó dára kí wọ́n mẹ́nu bà á. Ìwà burúkú kan náà ni, àwa ló sì hù ú, lẹ́yìn tí a ti fọwọ́ sí àdéhùn ECOWAS ti 1979 lórí wíwọlé wọ̀de. Tiṣà tàbí bíríkìlà tí wọ́n lé ní 1983 pàdánù iṣẹ́ àti owó oṣù rẹ̀. Oníṣòwò 1969 pàdánù ogún ọdún ìgbẹ́kẹ̀lé tó ti sọ di owó. A kò fi ìyẹn sọ pé ìyà ẹnì kan kéré sí ti ẹnìkejì.

Àtakò tó lágbára jù ni èyí tó ń ti ẹnu àwọn ará ilé wá: ṣebí àwọn fúnra wọn ló ń sọ pé àwọn á padà, ṣebí wọ́n ń kọ́lé sílé? Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó kọ́lé sí Ọ̀fà tàbí Ìnísà rí ibi forí pamọ́ sí. Àmọ́ ìpadàbọ̀ tí wọ́n gbèrò ni ti àgbàlagbà tó ti gba owó rẹ̀ jọ, tó ti fa ìsọ̀ lé ọmọ lọ́wọ́. Nàìjíríà tí wọ́n bá sì wà lójú ogun, ogun abẹ́lé kò parí títí di oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1970. Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà gbóná nítorí owó-orí, ìjà àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà gbòde, Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣẹ̀ wá, ti pàdánù Ṣọ̀ún, ọba rẹ̀, nínú rògbòdìyàn ọdún yẹn. Àwọn ọmọ tó ń sọ Twi tàbí Dagbani ju Yorùbá lọ ní láti wá àyè ní ilé-ìwé tí ọdún rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ nígbà náà, ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré. Olórí ilé sì fẹ́ ṣòwò, nítorí iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn. Ní Tamale, ẹni tó ń tajà lósùnwọ̀n fún un mọ̀ ọ́n, ó mọ bàbá rẹ̀, á sì gbé ọjà fún un lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìbàdàn, kò sí alágbàtà tó mọ̀ bóyá ó ń san gbèsè tàbí kì í san, owó lọ́wọ́ ni wọ́n á bi í.