Má Ṣe Lu Ìdí Kọ́ńgò: Nígbà Tí Oníbàárà Bá Ní Iye Tí O Kọ Kò Tọ́

Ẹni tó bá ń dáná lọ́wọ́, kó rọra dín iná kù, torí ọ̀rọ̀ tòní kan iṣẹ́ ọwọ́, ó kan ilé, ó sì kan owó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń díye lé ilé, tí wọ́n ń pè ní estate surveyor and valuer, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin onílé náà, ẹ má dìde, ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé, "Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí."

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní bàbá kan ní ilé ìkẹ́rùsí ní Agége. Ó fẹ́ fi dógò ní báǹkì, kó lè fi owó ra ẹ̀rọ, kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ 40. Ó ti fọkàn sí i pé ilé náà tó ₦400 mílíọ̀nù. Adíyelé dé, ó wọn ilẹ̀, ó yẹ ilé wò, ó yẹ ìwé wò, ó kọ ₦260 mílíọ̀nù. Bàbá gba ìwé, ojú wọn pọ́n. Wọ́n gbé fóònù: "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ẹ sí mi? Ṣé o mọ iye tí mo ná síbẹ̀ ni?"

Ìwọ adíyelé, kí ni wàá ṣe?

Àwọn kan á gbaná jẹ: "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ṣẹ́ yìí ni àbí èmi?" Wọ́n á pa fóònù. Ẹ̀rù ló máa ba àwọn mìíràn pé oníbàárà á lọ. Wọ́n á ní, "Ẹ má bínú, sà, ẹ jẹ́ kí n tún un wò." Kí ilẹ̀ tó mọ́, ₦260 mílíọ̀nù ti di ₦390 mílíọ̀nù. Ilé ò kúrò lójú kan. Ilẹ̀ ò fẹ̀ sí i. Kí ló wá yí iye padà? Ìbẹ̀rù ni!

Ẹ mọ kọ́ńgò tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì lọ́jà. Ẹ sì mọ èyí tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Lóde, kọ́ńgò ni. Nínú, olè ni. Adíyelé tó ń yí iye padà nítorí ariwo, kọ́ńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ ni. Ìwé Òwe, orí 11, kò fi ojú rere wo irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ rárá.

Ṣé ẹ ń bá mi bọ̀? Iye tí o kọ yẹn kì í ṣe ti oníbàárà nìkan. Báǹkì máa gbára lé e, owó ìyá alátà àti ti awakọ̀ dánfó ló sì wà ní báǹkì. Ní 2009, báǹkì àpapọ̀ wa, CBN, yọ ọ̀gá báǹkì mẹ́jọ nípò nígbà tí gbèsè tí kò wọlé mọ́ pọ̀ jù. Ní 2010, wọ́n dá AMCON sílẹ̀ láti ra irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ ta ohun tí a fi dógò, ìwé kọ́ ni wọ́n máa tà o, ilé gan-an ni.

Èkíní, gbọ́ ọ dópin. Ariwo bàbá yẹn kì í ṣe èébú, ìrora ni. Fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn náà, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ẹjọ́ wọn sílẹ̀: ibo gan-an ni kò tọ́? Ṣé ìwọ̀n ilẹ̀ ni? Ṣé ìwé ilé ni? Àbí iye tí aládùúgbò ta tiẹ̀?

Èkejì, ṣí fáìlì rẹ. Ṣàlàyé pé ọ̀tọ̀ ni owó tí a ná kọ́ ilé, ọ̀tọ̀ ni iye tí ọjà máa san. Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé tí wọ́n kọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti fi kẹ́rù sí, ohun tó wúlò fún un nìkan ló máa sanwó fún. Ṣàlàyé pé iye ọjà gbangba kì í ṣe iye gbàǹjo tí báǹkì ń béèrè pẹ̀lú rẹ̀. Ṣàlàyé ọjọ́ tí o díye lé e: láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, iye ọdún tó kọjá kì í ṣe ti ọdún yìí. Ṣàlàyé ìwé náà: láti ìgbà òfin ilẹ̀ 1978, ilé tó ní C of O tàbí àṣẹ gómìnà àti èyí tó ní rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan kò lè jẹ́ iye kan náà.

Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá mú ẹ̀rí wá, yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìwé sọfíò bá fi hàn pé ilẹ̀ fẹ̀ ju bí o ṣe kọ ọ́ lọ, gbé téèpù, padà lọ wọ̀n ọ́n. Tún un ṣe, kí o sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Wọ́n lè ní, "Réluwè ti dé ọ̀dọ̀ wa." Lóòótọ́ ni: Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, 2024, ó sì ń dúró ní Agége àti Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n béèrè pé, ta ló ti ra ilé nítòsí ibẹ̀ láti ìgbà náà, èló ló san? Réluwè kọ́ ló ń kọ iye sára ilé. Ẹni tó sanwó ló ń kọ ọ́.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ̀rí tuntun kò bá sí, dúró! Ní 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó gbé òfin Land Use Charge tuntun jáde, owó tó yẹ kí onílé san sì fò sókè. Àwọn oníléeṣẹ́ pariwo, ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ẹ̀ka Ìkẹjà fẹsẹ̀ rìn láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ìjọba dín ti ilé ìṣòwò kù ní 50%, ti iléeṣẹ́ ńláńlá ní 25%. Ní 2020, wọ́n ṣe òfin mìíràn. Ìjọba lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí owó orí ni, àwọn ló ń gbà á. Ìwọ adíyelé kò ní irú àṣẹ yẹn. Kò sí ẹ̀dínwó lórí òtítọ́, kò sì sí ènì!

Sọ fún wọn jẹ́jẹ́ pé, "Sà, ohun tí mo rí ni mo kọ. Ẹ lè gbé e fún adíyelé mìíràn tó forúkọ sílẹ̀." ESVARBON, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1975, ló ń tọ́jú orúkọ wọn. Má gba àpò ìwé tí wọ́n bá kì bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin onílé, ó tó yín wàyí. Ẹ má máa wá adíyelé tí ẹnu rẹ̀ dùn jù. Ẹ kó ìwé yín jọ, ẹ béèrè ọ̀rọ̀, ẹ jiyàn pẹ̀lú ẹ̀rí. Gbèsè tí ilé rẹ kò lè gbé, ìwọ ni yóò gbé e.

Lọ́la, bí fóònù bá dún, tí ohùn kan bá ń pariwo, gbé e. Gbọ́ ọ. Ṣí fáìlì. Má lu ìdí kọ́ńgò. Olúwa á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Àmín.